Orí ìlà ni wàhálà wà, kì í ṣe lórí àga dókítà eyín

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ wẹ́fíà, inú ṣì ń bí mi. Àgbàlagbà kan tó ní wárápá, tí kì í sọ̀rọ̀, dé ilé ìwòsàn eyín laago méje àárọ̀. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá, wọn ò tíì pè é. Ọmọdé ń ké ní yàrá kejì. Oògùn àárọ̀ wà nílé, torí ẹnì kan ti ní kó má fi nǹkan kan kan ẹnu. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í forí sọ ògiri. Nọ́ọ̀sì ní ká máa gbé e lọ, pé ó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Màmá rẹ̀ wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀. Ibòmíì ló ti padà yọ eyín ọ̀hún.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn eyín kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín tó pé. Ẹni tó ń to káàdì ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó fi tiyín ṣáájú. Òfin ọdún 2018 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà sọ pé àwọn ni ká kọ́kọ́ dá lóhùn níbi ìlà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ mú un dání. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ jà o.

Ẹ má fo oògùn wárápá. Bí wọ́n bá ní kó gbààwẹ̀ torí oògùn oorun, ẹ bi dókítà bóyá kó fi omi díẹ̀ gbé e mì. Ẹ kó páálí oògùn gbogbo dání: phenytoin, oògùn wárápá kan, lè mú kí èrìgì wú bo eyín, ẹni tó ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì) nílò èsì tuntun ti INR, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára dì sí, kí wọ́n tó yọ eyín, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Nílé, bẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ eyín ẹni tẹ́ ẹ ń tọ́jú, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí orí rẹ̀ fara ti àyà yín, kẹ́ ẹ fi ìka fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí kò bá mọ itọ́ tu, ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún. Bí ọwọ́ rẹ̀ ò bá lágbára, ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé ìdí búrọ́ọ̀ṣì kó lè nípọn. Bó bá ṣàdédé kọ oúnjẹ tàbí tó ń gbá ara rẹ̀ létí, ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sọ pé ìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá ráyè lọ ṣáájú, kó pè wọ́n lórí fóònù. Kó bi wọ́n bóyá àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gùn débẹ̀.