Ọkàn tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún
Ní òwúrọ̀ yìí, ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Adó-Èkìtì, mo gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ìlù ọkàn sí àyà òsì màmá àgbà kan tí ikọ́ gbé wá, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ jìnnà bí odó iyán tí wọ́n ń gún ní agboolé kejì. Mo sún un sí ọ̀tún, ó sì dún ketekete. Àwòrán X-ray fi hàn pé ọ̀tún ni ọkàn wọn wà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú 10,000 ni ọkàn àti gbogbo ẹ̀yà inú ara rẹ̀ máa ń yí sódì báyìí.

A tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti kọ ọ́ sílẹ̀ láìdárúkọ wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú: “Ọmọ mi, mi ò mọ̀ rí láyé mi.”

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ṣé ẹ ti rí irú rẹ̀ rí?