Òkè Èkìtì Nínú Omi

Bí ó bá jẹ́ òjìji inú omi, ìyẹn àwòrán tí omi ń dá padà bíi dígí, lẹ fẹ́ lọ ya fọ́tò rẹ̀ ní Èkìtì, ẹ má fi Ìkógòsí ṣáájú. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Ó yẹ kí ọmọ Oòduà fọwọ́ kàn án rí. Ṣùgbọ́n omi tó ń sáré kì í gbé ojú ẹni dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni Arinta, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ìpólé-Ìlórò.

Dáàmù Ero ní Ìkùn-Èkìtì ni mo gbà. Ẹ débẹ̀ ní ìdájí, kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí koríko, ìrì rin mí gbingbin, torí bí ojú ẹni bá ṣe súnmọ́ omi tó ni ìmọ́lẹ̀ tí omi ń dá padà ṣe ń pọ̀ sí i. Òjìji igi inú omi ni kí ẹ jẹ́ kí lẹ́ńsì mú kedere, kì í ṣe ojú omi fúnra rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi náà á ṣú bàìbàì. Bí ẹ bá ní polarizer, ìyẹn dígí ojú lẹ́ńsì tó ń dín dídán omi kù, ẹ yọ ọ́ sápò. Bí ẹ bá yí i síbi tí kò yẹ, ó lè pa òjìji rẹ́.

Baba apẹja kan ń tukọ̀ bọ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Omi yìí lò ń yà?"

"Igi inú rẹ̀ ni, sà."

Wọ́n gbé àjẹ̀ sókè, wọn ò wà á mọ́ títí omi fi tòrò. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́.

Síbẹ̀, Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti rí èyí tí mo fẹ́ràn jù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọ̀gọ̀dọ̀ kan wà lẹ́bàá títì, kò ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ, ẹrẹ̀ dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀, odindi àpáta Olósùnta sì wọ inú rẹ̀! Ẹrẹ̀ dúdú yẹn ló jẹ́ kó hàn kedere. Mo dorí fóònù kodò kí lẹ́ńsì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ọmọ iléèwé kan bẹ̀rẹ̀ tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí?" Mo fi hàn án, ó sì ké pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo òkè wọn.

Àsìkò òjò ni kí ẹ lọ. Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo òkè, ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà á sì ti gbẹ.