Owó Ìdógò Orí Ìgò: Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, Àti Ìdí Tí Ẹ̀rọ Fi Ń Kọ Agolo Yín

Ìgò oníke tó ti ṣófo kì í jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n bí òfin bá lè fi 25 sẹ́ǹtì lé e lórí, inú ilé làwọn èèyàn á máa tò ó jọ sí. Bí owó ìdógò ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ẹ san owó ohun mímu, ẹ san owó kékeré mìíràn lé e nítorí ìgò tàbí agolo tí wọ́n rọ ọ́ sí. Tí ẹ bá dá a padà, owó kékeré yẹn á padà sọ́wọ́ yín. Kì í ṣe owó orí, kì í sì í ṣe ẹ̀bùn. Owó yín ni, owó ẹni kò sì ṣe é dà sínú pàǹtí.

Jámánì ti ń gba owó ìdógò lórí ìgò oníke àti agolo alálòdànù láti oṣù kìíní ọdún 2003; 25 sẹ́ǹtì yúrò ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí. Nínú 100 tí wọ́n bá tà, nǹkan bíi 98 ló ń padà. Lithuania, orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2016 pẹ̀lú 10 sẹ́ǹtì. Ṣáájú ìgbà yẹn, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò oníke ni wọ́n ń rí kó jọ; kí 2017 tó parí, ó ti lé ní 90 nínú 100.

Àmọ́ owó ìdógò máa ń gbó. Oregon, ní Amẹ́ríkà, ṣe òfin tirẹ̀ ní 1971: 5 sẹ́ǹtì lórí ìgò kan. Ọjà ń gbówó lórí, 5 sẹ́ǹtì ò kúrò lójú kan fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Nígbà tó fi máa di 2015, nǹkan bíi 64 péré nínú 100 ló ń padà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú òfin wọn ni pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí iye tó ń padà bá fi ọdún méjì tẹ̀ léra wà lábẹ́ 80, kí owó náà di ìlọ́po méjì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2017, ó di 10 sẹ́ǹtì. Ní 2019, nǹkan bíi 86 ló ń padà.

Owó nìkan kọ́ ló ṣe é. Ní àkókò kan náà ni wọ́n ń ṣí ibi ìdápadà káàkiri, níbi téèyàn ti lè kó ìgò sínú àpò, kó lẹ àmì tirẹ̀ mọ́ ọn, kó gbé e sílẹ̀, kí owó sì wọ àkáǹtì rẹ̀ nígbà tó bá yá. Bí ibi ìdápadà bá jìnnà, ẹni tó ní ìgò mẹ́fà lọ́wọ́ á ro ti ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì jù wọ́n nù. Ní Jámánì, ilé ìtajà tó bá ń ta ìgò oníke alálòdànù gbọ́dọ̀ gba irú rẹ̀ padà, bí kì í tilẹ̀ ṣe ibẹ̀ lẹ ti rà á. Ìtajà kéékèèké nìkan ló lè sọ pé ìgò ilé-iṣẹ́ tí òun ń ta ọjà rẹ̀ nìkan lòun máa gbà.

Ó wá ku ẹ̀rọ tó ń gba ìgò àti agolo padà. Ìdí ìgò lẹ máa kọ́kọ́ tì wọlé. Ẹ̀rọ á yí i po, á wá àwọn ìlà dúdú tó wà lára bébà rẹ̀, á wo bó ṣe rí àti bó ṣe wúwo, lẹ́yìn náà ló máa tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ nínú lọ́hùn-ún kí ẹnikẹ́ni má bàa tún gbé e wá gbowó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ̀ ẹ́. Agolo tí ẹ bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ nílé, ìlà ara rẹ̀ á ti ká, ẹ̀rọ á sì tú u jáde. Bákan náà ni ìgò tí omi ṣì kù nínú rẹ̀: ó wúwo jù. Má ṣe bó bébà ara rẹ̀, dé ọmọrí rẹ̀ padà, fi omi díẹ̀ ṣan ìgò ohun dídùn, kí o sì dorí rẹ̀ kodò kó gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eṣinṣin á gba àpò náà.

Ìwé kékeré tí ẹ̀rọ bá yọ náà, owó ni. Ooru ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ooru náà ló sì ń pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ibi ìsanwó lọ́jọ́ náà gan-an.