Àmín ẹnu mi ló kó bá mi

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ṣe àmín tó ròkè jù nínú òtẹ́ẹ̀lì kan l'Óṣogbo. Aago méje àárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbá ilẹ̀, gbogbo wa á pé sí ẹ̀yìn káńtà, Màdáámù á gbàdúrà, àwa á máa gbè é. Kaṣíà ni mí. Babaláwo ni bàbá tó bí mi, láti kékeré ni ìdè Ifá sì ti wà lọ́rùn ọwọ́ mi. Kí n tó wọ géètì, mo máa ń bọ́ ọ sínú báàgì.

Ẹ sì wo bí òtẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń rówó o. Láti 2005 tí UNESCO ti ka igbó Ọ̀ṣun mọ́ ohun ajogúnbá àgbáyé, àlejò tó ń wá ọdún Ọ̀ṣun kì í ṣe kékeré. Tó bá ti di oṣù kẹjọ, yàrá wa á kún. Àwọn tó wá láti Brazil àti Amẹ́ríkà, aṣọ funfun lára, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ọwọ́ mi ni wọ́n ń sanwó sí.

Ní 2023, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 oṣù kẹjọ, bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ìjọba Ọ̀ṣun sì fi ọjọ́ Ajé ṣe ọlidé. Òtẹ́ẹ̀lì kì í ti ìlẹ̀kùn torí ọlidé, mo bá tọrọ ààyè pé a ní ìnáwó nílé. Lálẹ́, mo gbé fọ́tò sórí status mi: èmi, bàbá mi, ọpọ́n Ifá láàárín wa. Mo gbàgbé pé Màdáámù ní nọ́ńbà mi. Irọ́ ni, n kò gbàgbé. Ó ti sú mi ni.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo gbé ẹ̀pà inú ìgò sórí káńtà bí ìṣe mi. Ẹni tó máa ń kọ́kọ́ bu tiẹ̀ ní òun ń gbààwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ séèfù lọ́wọ́ mi. Kọ́bọ̀ kan ò sọnù. Wọ́n ní owó tó bá ti ọwọ́ mi kọjá, àfi kí àwọn kọ́kọ́ gbàdúrà sí i. Owó àwọn ará Brazil ńkọ́, ta ló gbàdúrà sí i?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ń tún yàrá ṣe ló wọ̀ mí lára jù. Ó ní, "Ìwọ tí àmín rẹ ju ti gbogbo wa lọ? Kí lo tún ń fi pamọ́ fún wa?" N kò rí èsì fún un. Ifá kọ́ ló bí i nínú.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tún wá bà á jẹ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ sórí status, mo pe gbogbo àwọn aládùúrà àárọ̀ ní alágàbàgebè, mo fi pásítọ̀ Màdáámù kún un. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn ni wọ́n fi kọ kúẹ̀rì fún mi. Kúẹ̀rì náà ò mẹ́nu ba fọ́tò rárá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé: a ò nílò iṣẹ́ yín mọ́, owó oṣù kan rèé.

Mo lọ bá lọ́yà. Abala 38 ìwé òfin 1999 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn mi ní gbangba, National Industrial Court sì wà tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Lọ́yà ní, "Ẹ̀rí dà?" Ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ owó yẹn. N kò kọ ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Èébú tí mo fọwọ́ ara mi kọ nìkan ni ìwé tó wà nílẹ̀.

Ẹni tó bá wà nípò mi, ẹ tètè sọ ọ́, ní pẹ̀lẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, n kì í ṣe àdúrà yìí, màá dúró níta títí ẹ ó fi parí." Wọ́n lè torí ẹ̀ má gbà yín síṣẹ́ o. Bí wọ́n bá sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà: "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ séèfù lónìí, ṣé mo ṣẹ̀ ni?" Ohunkóhun tí wọ́n bá fi dáhùn, ẹ má pa á rẹ́. Inú tó bá ń bí yín lálẹ́, ẹ gbé fóònù jìnnà.

Ilé ìtajà ìrẹsì ni mo wà báyìí. Ìdè wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo lọ wáṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá wò ó, ó wojú mi, ó ní ṣé mo mọ Excel.