Mo ń pe ara mi ní ọ̀lẹ, oorun ni mi ò sùn tó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Torí ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra àtiwọṣẹ́ ṣọ́jà ni mo ṣe ń kọ eléyìí, pàápàá ẹ̀yin tí mo máa ń rí ní Adó níbí láàárọ̀ kùtù tí ẹ ń sáré lọ sọ́nà Ìkẹ́rẹ́, tí ojú yín pọ́n bí ẹni tó ti ibi àìsùn òkú bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí èmi náà ń múra, ilé búrẹ́dì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Aago kan òru la máa ń parí, kí n tó rìn délé kí n wẹ ìyẹ̀fun kúrò lára á ti di aago méjì, aago márùn-ún mo ti wà lójú títì. Kìlómítà mẹ́ta tí mo ń sá ní ìṣẹ́jú 13 àti díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó ti di ìṣẹ́jú 15, bẹ́ẹ̀ mi ò fo ọjọ́ kan o, mò ń jẹ iyán, mò ń jẹ ẹ̀wà, mi ò mutí. Ni mo bá ní ọ̀lẹ ló ń ṣe mí. Mo rọ yanrìn sápò, mo ń gbé e pọ̀n sáré, mo ń jẹ obì kí ojú mi lè là. Ojúgun mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ojú ibì kan péré, tí mo bá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ n ó fò sókè (tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ẹ, lọ ṣe àyẹ̀wò, má sáré lé e lórí).

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lọ́nà Ìkẹ́rẹ́, mo rí òkúta kan níwájú, mo rí i dáadáa, àmọ́ kí ọpọlọ mi tó sọ fún ẹsẹ̀ mi pé kó yà fún un mo ti tẹ̀ ẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ mi yí, àpò yanrìn wó lé mi lẹ́yìn. Bàbá kan ládùúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun wá wò mí. Wọn ò tiẹ̀ béèrè ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lò ń sùn?" Mo ní, "Bàbá, mò ń sùn tó wákàtí mẹ́ta sà." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ibi tó ò ń lọ, wọn ò ní bi ọ́ léèrè kí wọ́n tó jí ọ. Ilé baba rẹ tó o ti lè sùn o ò sùn, ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ lọ sùn ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé kì í ṣe ìgbà téèyàn ń sáré lara ń lágbára. Eré ń fa iṣan ya díẹ̀díẹ̀, ó ń fúngun mọ́ egungun, ìgbà tí oorun bá wọra, pàápàá níbẹ̀rẹ̀ òru, ni họ́mọ́ọ̀nù, èròjà inú ara tó ń tún wọn ṣe, máa ń tú jáde jù. Tó o bá gé oorun, àtúnṣe ò parí, ilẹ̀ á mọ́, o tún lọ bà á jẹ́ sí i. Àwọn ológun Ísírẹ́lì rí i lára àwọn ọmọ tuntun wọn tí egungun ẹsẹ̀ ń sán. Nígbà tí wọ́n fi dandan lé e pé oorun ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí 6, tí wọ́n sì dín ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kù, egungun sísán dín kù ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìwé ìdárayá tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2020 náà, oorun wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ.

Alẹ́ kan ò pa èèyàn o. Tí àyà ń já ẹ tó ò rí oorun sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí screening, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ ṣọ́jà, kù ọ̀la, agbára ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà náà á kàn dà bíi pé ó gùn sí i. Oorun tó ń dín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta lẹ jẹ́ ká bẹ̀rù. Ẹni tí kò bá tíì sùn láti wákàtí 17, ojú àti ọwọ́ ẹ̀ máa ń lọ́ra bíi ti ẹni tó ti mu ọtí díẹ̀, bí mo ṣe tẹ òkúta tí mo rí nìyẹn, ìbọn sì ni wọ́n máa gbé lé ẹ lọ́wọ́ lọ́hùn-ún. Obì àti energy drink, ẹ fi sílẹ̀ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, torí lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì káfíìnì inú wọn, ìyẹn èròjà tó ń lé oorun, ṣì wà lára. Obì lè bá ẹ lé oorun lọ, kò lè bá ẹ sùn ún.

Mo bẹ ọ̀gá mi, wọ́n gbé mi sí iṣẹ́ ọ̀sán, owó dín kù lóòótọ́. Mo fi ẹsẹ̀ sinmi, mo ń sùn láago mẹ́sàn-án, wákàtí 7 sí 8, nígbà tí mo padà sójú títì, kìlómítà mẹ́ta yẹn bọ́ sábẹ́ ìṣẹ́jú 13. Nígbà tí mo wá dé ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tó pa iná ni mo ti ń to bàtà àti aṣọ mi sílẹ̀, bí orí mi bá ti kan ìrọ̀rí ó parí, àwọn tó fẹ́ tàkúrọ̀sọ kí wọ́n máa tà á. Ìṣẹ́jú 20 tí wọ́n bá fún wa lábẹ́ igi, mo ń sùn ún.

Àbúrò mi tèmi ń lọ fún tiẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ láago mẹ́sàn-án, ó bínú, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń han-run nínú yàrá kejì.