Èkúté Abẹ́ Ilé: Láàárín Abẹ́òkúta àti Raleigh

Lójú àwọn ẹbí mi ní Abẹ́òkúta, ilé òyìnbó kì í ní èkúté, àfi èyí tí àwọn ọmọdé ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n. Bí mo bá ń ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù, ńṣe ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé mò ń wá àwáwí tí n kò fi ní fi owó ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ èkúté ṣe rí ní Raleigh, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, níbi tí mo ń gbé.

Ti ilé kò gba àlàyé púpọ̀. Orí ilẹ̀ ni a ń da kọnkéré sí, búlọ́ọ̀kù ni a fi ń mọ ògiri, nítorí náà òkè àjà ni èkúté ti ń sáré kiri lóru. A ó dẹ tàkúté, ológbò yóò ṣe tirẹ̀, bírìkìlà àdúgbò yóò sì po sìmẹ́ńtì díẹ̀ láti fi dí ihò. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ náà kéré o: ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa ní Borno, láti ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ó ń wá, ojú àwọn ará Ọ̀wọ̀ sì ti rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ kò fara sin. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀.

Níbí, òfin ni ó kọ́kọ́ ní kí ògiri lanu. Ògiri kúkúrú ni wọ́n fi gbé ọ̀pọ̀ ilé ìpínlẹ̀ yìí sókè, igi ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ ilé, àlàfo kan sì wà láàárín igi náà àti erùpẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní crawl space, tí ènìyàn kò lè wọ̀ àfi kí ó rá. Ibẹ̀ ni páìpù omi, wáyà iná àti ọ̀nà atẹ́gùn ẹ̀rọ amúlétutù ń gbà kọjá. Ìlànà tó ti pẹ́ ni pé bí ilẹ̀ ilé bá fẹ̀ tó 150 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó, ihò atẹ́gùn gbọ́dọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú-lóròó, kí atẹ́gùn lè máa gbá ọ̀rinrin erùpẹ̀ jáde. Èkúté kékeré kò sì nílò ju ihò mìlímítà 6 lọ kí ó tó wọlé.

Ará ilé yóò ní kí n fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo rẹ̀. Bí mo bá dí i nígbà tí erùpẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò, ọ̀rinrin rẹ̀ yóò gòkè lọ sára igi, bí omi inú igi bá sì ti ń kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìbẹ̀rù jíjẹrà ti dé nìyẹn. Bí mo bá fi nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bò ó, eruku yóò dí i pa, èkúté yóò sì gé e jẹ. Ohun tó bá ibẹ̀ mu ni àwọ̀n irin tí kì í dípẹtà, tí ojú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì lọ, tí a fi ìdè irin dè mọ́ ẹ̀yìn ihò náà. Àyíká páìpù ń fẹ́ àwọ̀n bàbà tí a fún pọ̀, nítorí kàn-ìn-kàn-ìn irin a máa dípẹtà nínú ọ̀rinrin, fóòmù nìkan kò sì ju oúnjẹ lọ lẹ́nu èkúté. Ní tèmi, ilẹ̀kùn kékeré tí a ń gbà wọ abẹ́ ilé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Síbẹ̀, ihò tí a fi àwọ̀n bò dáadáa kò ní kí abẹ́ ilé gbẹ. Ní oṣù keje, afẹ́fẹ́ ìta kún fún ọ̀rinrin. Bí ó bá wọlé tó sì kan ọ̀nà atẹ́gùn tó tutù, omi yóò yọ lára rẹ̀ bí ó ṣe ń yọ lára ìgò mínírà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì. Àjọ Advanced Energy tó wà ní Raleigh dán èyí wò nínú ilé 12 ní Princeville, ìlú tí àwọn ẹrú tó gba òmìnira tẹ̀ dó, tí ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá kọjá ní ìpínlẹ̀ yìí yà wò. Abẹ́ àwọn ilé tí wọ́n dí gbẹ ju ti àwọn tó ṣí sílẹ̀ lọ, iná tí wọ́n ń lò láti mú ilé gbóná tàbí tutù sì dín ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán. Òfin ìpínlẹ̀ wá fàyè gba dídí báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe dídí lásán: ọ̀rá tó nípọn gbọ́dọ̀ bo gbogbo erùpẹ̀, bí ó bá sì gun ògiri, ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku íǹṣì mẹ́ta lókè kí a lè máa rí ipa ọ̀nà ikán, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin, tàbí ọ̀nà mìíràn tí òfin gbà, yóò wọlé. Ṣáájú gbogbo èyí ni a ó ti dẹ tàkúté títí kò fi mú nǹkan kan mọ́, nítorí èkúté tí a bá há mọ́ abẹ́ ọ̀rá, òórùn rẹ̀ yóò gba inú pálọ̀ wọlé.

Kò sí bírìkìlà àdúgbò tí mo lè pè sí gbogbo èyí. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ń díye lé e bí ẹni fẹ́ ta mọ́tò fún mi, nítorí náà èmi ni mò ń rá wọ abẹ́ ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, n kò sì ní ẹni tí yóò na òòlù sí mi. Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ta ilé náà kí ẹ máa bọ̀ nílé." Ó gbàgbé pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí ni ó kọ́ ìdajì ilé tó fẹ́ kí n wá gbé, pé àwọn ọmọ mi kò mọ ilé ìwé mìíràn, àti pé èkúté wà lójú àjà tirẹ̀ náà, kò kàn kà á sí wàhálà ni. N kò ní kúrò níbí nítorí ohun tí a lè fi àwọ̀n irin dá dúró. Owó páànù tí àwọn ẹbí mi ń béèrè yóò ní sùúrù títí di ìgbà tí mo bá ra ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin náà.