Ẹ gbé ìrù rẹ̀ sókè kẹ́ ẹ wò ó: ẹ̀kọ́ tí ajá mi tó lóyún kọ́ mi

Ojú abẹ Ẹnulẹbọ, ajá mi, ò tíì jiná tí mo fi ń kọ èyí, nítorí náà ẹ fara da ohùn mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin abo ajá, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí oyún bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹjọ: oúnjẹ á dín kù, oorun á pọ̀. Ohun tí ará ilé ń sọ nìyẹn. Mo bá gbé ìrù rẹ̀ sókè. Ohun tó ń yọ lójú ara rẹ̀ ki, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń rùn bí omi ẹran tó ti rà. Ìgbóná ara rẹ̀ ti lé ní 40°C. Ti ajá kì í sábà kọjá 39.2.

Bọ̀dá kan ládùúgbò ní kí n gún un ní oxytetracycline, oògùn apakòkòrò kan, pé òun náà ló ń lò. Mi ò gbà. Wọ́n ní mo ń ṣakọ, ṣùgbọ́n oògùn yẹn máa ń ba eyín àti egungun ọmọ inú jẹ́.

Dókítà ẹranko gbé ẹ̀rọ síkáànù lé e níkùn. Ọkàn ọmọ méjì ń lù. Ó sún ẹ̀rọ síwájú: kò sí nǹkan. Ó tún sún un: kò sí nǹkan. Ẹnulẹbọ ò ké o, ojú mi ló tẹjú mọ́, tí itan rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà ní ká ní ara ìyá le ni, à bá lo oògùn tí kò ní pa ọmọ lára, ká máa fi síkáànù ṣọ́ àwọn tó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ọyún ti kún ilé ọmọ, tí ilé ọmọ bá sì bẹ́, ìyá náà ń lọ nìyẹn. Ọwọ́ mi ò dúró nígbà tí mo ń buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ abẹ.

Wọ́n yọ ilé ọmọ, wọ́n rí ọmọ méjì gbé jáde láàyè. Wọ́n ti ń mu ọmú. Yíyọ ilé ọmọ kì í dá omi ọmú dúró.

Ẹ máa gbé ìrù wò láràárọ̀. Tí ohun tó ń jáde bá mọ́ tó sì ń yọ̀, kò sí wàhálà. Tó bá rùn, tàbí ó jọ ọyún, ẹ má dúró dọ̀la. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tí ọmọ kankan ò tíì jáde, ibi ọmọ ti ń já nìyẹn, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní mo ti sọ ọ́? Mo tún ń sọ ọ́: ìrù!

Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí akọ ajá gun abo, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ akọ àti abo wò fún kòkòrò àrùn Brucella, torí ó máa ń ṣẹ́ oyún ajá. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ó lè ran èèyàn.